Òṣùwọ̀n Iná Mànàmáná àti Ẹni tí Ó Dì Í Mú

Bí ènìyàn bá lọ ra gàrí ní Ọjà Ọba, ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ohun tí ojú oníbàárà máa ń kọ́kọ́ wò kì í ṣe gàrí náà, bí kò ṣe kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: yóò gbé e lọ́wọ́, yóò yí i po, yóò fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú; bí ó bá sì rí i pé kóńgò náà kò pé, yóò figbe ta, àwọn ìyá ọjà yóò péjọ, wọn yóò pe Ìyálọ́jà, ọjọ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Abẹ́òkúta láyé àwọn baba wa, níbi tí àwọn Pàràkòyí, olóyè ọjà àti ti òwò, ti máa ń jókòó dá ẹjọ́ láàrin ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í ṣe gàrí. Ẹni tí ń rà á kò lè bù ú wò, kò lè torí ọ̀wọ́n yà sí ìsọ̀ kejì, nítorí ìsọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo agbègbè rẹ̀. Iye tí wọ́n bá pè é ni yóò san, tàbí kí ó jókòó sínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí ẹni kẹta fi gbọdọ̀ wà, tí yóò máa bá oníbàárà wo ìdí kóńgò.

Ó pẹ́ kí a tó ní ẹni kẹta náà. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó ní 1896, ìjọba amúnisìn ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni wáyà, òun náà ni ó ń dá iye, ètò náà kò sì yí padà nígbà tí wọ́n dá àjọ iná ìjọba tí ń jẹ́ ECN sílẹ̀ ní 1950, tàbí nígbà tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àjọ tí ń mójú tó ìsédò Odò Ọya, tí wọ́n sì sọ méjèèjì di NEPA ní 1972, NEPA tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kú lẹ́nu àwọn ọmọdé, nítorí bí iná bá dé lálẹ́ òní, “Úpù NEPA!” náà ni wọn yóò ké. NEPA ni olùtajà, NEPA náà ni adájọ́. Òfin ọdún 2005 ni ó ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, tí ó ní kí wọ́n pín ilé iṣẹ́ ńlá náà sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀, tí ẹni méje tí Ààrẹ yàn, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà sì fọwọ́ sí, yóò máa darí, kí ó máa fún àwọn oníṣòwò iná ní ìwé àṣẹ, kí ó máa dá iye tí wọn yóò gbà, kí ó sì máa gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà. Àjọ náà ni NERC. Nígbà tí wọ́n sì fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ apínná 11 lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, ó di pé òun nìkan ni ó dúró láàrin wa àti wọn. Kí òǹkàwé sì fi èyí sọ́kàn pé lára owó iná tí à ń san ni owó tí àjọ náà fi ń ṣiṣẹ́ ti ń wá. A kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní àdúgbò mi, ìyá kan wà tí ń ta Títù, Kọ́tẹ̀ àti pańla. Fírísà méjì ni ó ní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ká búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ọ̀kan, kí òtútù inú rẹ̀ má baà tètè sá nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mítà rẹ̀ wà lára ògiri lókè wọn, iná pupa tóóró kan sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Bí fírísà méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, iná náà a máa yára ṣẹ́jú, ìyá náà a sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ṣọ́ èémí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2024 ni NERC kéde pé àwọn tí ó wà ní Báńdì A, èyíinì ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, yóò máa san náírà 225 lórí yúníìtì tí wọ́n ti ń rà ní 68, ọjọ́ náà gan-an ni ó sì bẹ̀rẹ̀. Kí a tilẹ̀ yọ owó orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tí ó ń ra yúníìtì 147 fún un tẹ́lẹ̀ kò ra ju 44 lọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kan náà ni Mínísítà ọ̀rọ̀ iná, ọmọ bíbí Ìbàdàn, sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kì í pa fírísà kí wọ́n tó jáde nílé, ọ̀rọ̀ tí ó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú tí òun fúnra rẹ̀ sì padà tọrọ àforíjì lé lórí. Ìyá ẹlẹ́ja kò bínú sí i. Ohun tí ó wí kò ju pé ẹja kò mọ ọjọ́ tí wọ́n fi owó kún owó iná.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó gáàsì tí ó ń yí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iná wa, láti àárín 2023 tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ sí ọjà ni agbára rẹ̀ ti wó lulẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí owó iná dúró sójú kan láéláé ń sọ pé kí ìjọba máa fi owó ìlú dí àlàfo náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé àpò ìjọba náà ní ìdí. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ọjà gbówó lórí. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀nà tí iye náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òfin 2005 náà mọ òwe yìí, nítorí ó là á sílẹ̀ pé kí àjọ náà tó yí ètò owó padà, kí ó kéde fún ará ìlú, kí ó sì gbọ́ ohun tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní í sọ. Ìgbà tí ìdánwò dé, ó dójú ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2016, wọ́n fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó iná. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi tú jáde sí ìgboro. Agbẹjọ́rò kan, Toluwani Yemi Adebiyi, sì ti wà nílé ẹjọ́ ṣáájú, tí adájọ́ sì ti pàṣẹ pé kí ohun gbogbo dúró bí ó ṣe wà. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje ọdún náà, Adájọ́ Mohammed Idris ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá ẹjọ́ pé àfikún náà kò bófin mu, pé àjọ náà kò tẹ̀lé ìlànà òfin tí ó dá a sílẹ̀, pé ó sì kọ etí ikún sí àṣẹ ilé ẹjọ́. NERC pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Iye náà kò sọ̀kalẹ̀. Èyí ni ó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí oníbàárà kan ṣoṣo dìde, ó gba ọ̀nà tí òfin là, ó jàre, síbẹ̀ iye tí ó pè lẹ́jọ́ náà ni a ń san lọ.

Èmi náà ti rí tèmi. Nígbà tí n kò tíì ní mítà, ilé iṣẹ́ apínná máa ń fojú díwọ̀n ohun tí mo lò. Ilé mi wà ní títì fún oṣù méjì gbáko, síbẹ̀ bíìlì tí mo bá lẹ́nu ọ̀nà ju ti ìgbà tí gbogbo wa wà nílé lọ. Kí n tó jókòó, ọkùnrin méjì ti gbé àkàbà dé, wọ́n fi ti òpó, ọ̀kan dì í mú, èkejì gùn ún, wáyà mi já bọ́ sí orí ewé ìbẹ́pẹ. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, wọ́n ní kí n lọ máa retí. Bíìlì oṣù tí ó tẹ̀lé e kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ní 2020 ni NERC ti fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní mítà. Ní oṣù kejì 2024 ni ó tó bu owó ìtanràn tí ó lé ní bílíọ̀nù 10 náírà lé àwọn ilé iṣẹ́ apínná nítorí pé wọ́n rú òfin náà, tí ó sì ní kí wọ́n dá owó oníbàárà padà. Ó ṣe dáradára. Ní oṣù kẹrin, ó tún bu mílíọ̀nù 200 náírà lé ilé iṣẹ́ apínná Abuja tí ó gba owó Báńdì A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí ní Báńdì A. Èyí náà dára. Ṣùgbọ́n láàrin 2020 àti 2024, ìyá mélòó ni wọ́n ti já wáyà rẹ̀? Títí di 2024 náà, àwọn oníbàárà tí ó ní mítà kò tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò ní mítà kò ní kóńgò tí yóò yí po.

Òfin tuntun ti ọdún 2023 ti wá fi àyè sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa mójú tó iná tirẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì tẹ̀lé wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Enugu ni ó yẹ kí gbogbo wọn wò: ní 2025, àjọ alámòójútó ìpínlẹ̀ náà yẹ ìwé ìnáwó ilé iṣẹ́ apínná wò, ó ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó sì mú owó Báńdì A wálẹ̀ láti náírà 209 àti ààbọ̀ sí 160. Àwọn oníṣòwò iná figbe ta pé àdánù ni, ó sì lè jẹ́ pé òtítọ́ wà nínú igbe wọn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, àwọn tí ń tà ni ó ń ṣàlàyé ara wọn, kì í ṣe àwọn tí ń rà.

Mo ka ìròyìn náà fún ìyá ẹlẹ́ja ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó wọlé, ó sì mú àpò náílọ́ọ̀nù kan jáde, tí ó kó ìwé owó iná ọdún mẹ́ta sí, èyí tí òjò ti kán sí nínú wọn àti èyí tí kò kán sí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn ti Ọ̀yọ́ tiwa bá fẹ́ jókòó lórí iye náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi bèèrè, ṣé wọ́n máa ń gbọ́ Yorùbá níbẹ̀?”