Ìtanijí: Bí Servo Drive Bá Ń Gbóná Jù

Ẹ̀yin onílé-iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wà nídìí ẹ̀rọ, àti ẹ̀yin oníná wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Láti Odógunyàn títí dé Alaro City, ẹ̀rọ tó ń fi servo ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì mọ́: èyí tó ń gé náílọ̀nù, èyí tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá, èyí tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ìgò, títí kan máṣíìnì àwọn aránṣọ ńláńlá. Ilé ìrẹsì Ìmọ́tà, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Níbi tí iṣẹ́ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá dá dúró, gbogbo àwọn tó kù á máa wò ó lójú.

Kí ni servo drive?

Àpótí kékeré tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì ni. Á gba iná wọlé, ìbáà ṣe 220 fóòtì tàbí fèésì mẹ́ta tó jẹ́ 415, á sọ ọ́ di iná DC, á sì kó o sínú kàpásítọ̀. Lẹ́yìn náà, á máa tan án, á máa pa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí mọ́tò lè yí bí a ṣe fẹ́, kó sì dúró síbi tí a fẹ́ gan-an. Títàn àti pípa yìí kì í lọ láìmú ooru wá. Irin alumíníọ̀mù oníléwé-léwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fa ooru náà jáde, fáànù kékeré kan á sì máa fẹ́ ẹ lọ. Bí ooru bá kọjá ààlà, drive á pa ara rẹ̀, á sì gbé nọ́ńbà kan sójú gíláàsì. Ohun tó ṣe yẹn dára, nítorí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, jíjó ló máa jó.

Kí ló ń fà á?

Eruku ló máa ń ṣáájú. Ní ilé-iṣẹ́ náílọ̀nù, eruku náílọ̀nù ni; nílé búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ni; nígbà ọyẹ́, tòde náà á wá kún un. Bí ọ̀rinrin ọ̀sà àti èéfín òróró bá pò mọ́ ọn, á lẹ̀ mọ́ àárín léwé irin náà. Ẹni tó bá ti tú drive rí mọ̀ ọ́n: tí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì hú u, odidi abala ló ń ṣí kúrò, ó nípọn, ó dúdú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ irú èyí dà bí aláìsàn ibà tí wọ́n da kúbùsù bò lọ́sàn-án gangan.

Ibi tí a gbé pánẹ́ẹ̀lì sí náà ń dá kún un. Ọ̀pọ̀ drive ni ìwé rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ tó yí i ká kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ, àwọn míì gbà dé 55. Lábẹ́ páànù ní agogo méjì ọ̀sán oṣù Kẹta, tí ògiri kan sì gba oòrùn, kò pẹ́ tí inú pánẹ́ẹ̀lì tí a tì pa á fi kọjá 40. Kàpásítọ̀ ló sì ń fi ẹ̀mí san gbèsè yìí: bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí nǹkan bí ìdajì.

Nígbà míì, drive kò ṣẹ̀ rárá. Béárìn ti gbẹ, wọ́n fa bẹ́líìtì le jù, búréèkì mọ́tò kò tú tán, tàbí ọ̀bẹ tó ń gé náílọ̀nù ti kú. Ọ̀gá náà lè ti ní kí wọ́n fi kún eré ẹ̀rọ nítorí oníbàárà tó ń kánjú. Bí iná tó ń wọ mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ti iná ìjọba kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Bí fèésì kan bá lọ, méjì tó kù á máa ru ẹrù mẹ́ta, kàpásítọ̀ á sì máa gbóná láti inú wá.

Báwo la ṣe lè dá a mọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ rísẹ́ẹ̀tì. Lórí Delta ASDA-A2 ti Taiwan, AL016 ni ooru drive fúnra rẹ̀, AL006 ni ẹrù tó pọ̀ jù, AL022 ni fèésì tó lọ. Lórí Yaskawa Sigma-V ti Japan, A.7A0 ni ooru, A.7AB sì ni pé fáànù ti dúró. Ooru drive àti ẹrù àpọ̀jù kì í ṣe àìsàn kan náà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi owó drive tuntun wo méjèèjì.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wo aago. Èyí tó bá yọ láàárọ̀ kùtù, tí ẹ̀rọ kò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ tàbí bọ́ọ̀dù inú drive. Irin tútù kì í gbóná jù. Èyí tó ń yọ lẹ́yìn wákàtí kan, lójoojúmọ́, yálà òjò ń rọ̀ tàbí oòrùn ń ràn, ọ̀dọ̀ fáànù àti eruku ni kí ẹ lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan, ilé ló ń gbóná. Tó bá jẹ́ ìgbà tí apá kan ẹ̀rọ bá ń gòkè tàbí tó bá ń gé ni, ẹ pe mẹ́káníìkì kí ẹ tó pe oníná. Bó bá sì jẹ́ pé lórí iná ìjọba ló ń ṣẹlẹ̀, tí orí jẹnẹrétọ̀ ń lọ dáadáa, ẹ wọn fèésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ó lè pé, kí ó sì jẹ́ pé irọ́ ló ń pa.

Fún fáànù, ẹ ya tíṣù pẹlẹbẹ kan, kí ẹ fi sún mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tí kò bá mì, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òórùn bíi ti ẹja, bọ́ọ̀dù tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ níbì kan, orí kàpásítọ̀ tó wú: àwọn wọ̀nyí ti kọjá gbígbọn eruku.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Pípa bírékà kò tó. Iná DC inú drive 415 lè kọjá 550 fóòtì, ó sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Iye ìṣẹ́jú tó yẹ kí ẹ dúró wà lára drive náà. Ẹ dúró pé, kí ẹ sì fi mítà wò ó.

Báwo la ṣe lè dènà rẹ̀?

Ẹ má ṣe fi ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ gbayawu kí ẹ sì gbé fáànù ilé síwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, ó sì máa ń jọ pé ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n eruku ni fáànù yẹn ń fẹ́ wọlé. Ẹ tì í, kí ẹ fi fáànù pánẹ́ẹ̀lì tó ní fílítà sí i, kí ẹ máa fọ fílítà náà lóṣooṣù, kó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́. Tí ẹ bá ń fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku, ẹ kọ́kọ́ tú omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì di apá fáànù drive mú kó má baà sáré àsápajúdé. Ẹ fi àlàfo tí ìwé rẹ̀ sọ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ drive. Ẹ máa fún ìdè wáyà le, ẹ sì fi phase failure relay, èyí tó ń gé iná bí fèésì kan bá lọ, sí ẹnu iná.

Fáànù drive kò wọ́n rárá tí a bá fi wé drive fúnra rẹ̀. Ẹ ra kan sílẹ̀, kó jẹ́ fóòtì kan náà àti agbára afẹ́fẹ́ kan náà.

Ẹ so ìwé kan mọ́ pánẹ́ẹ̀lì: ọjọ́, aago, nọ́ńbà tó yọ, irú iná tí ẹ wà lórí rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ láti ọgbà LASU ní Ẹ̀pẹ́ àti láti LASUSTECH ní Ìkòròdú máa ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò wọn. Ẹ gbà wọ́n, kí ẹ sì fi ìwé náà sí ìkáwọ́ wọn.