Ohùn Olóògbé Láàárín Ìlù

Nígbà tí àwọn ọmọ olóòkú bá ń to àwòrán bàbá wọn sínú kọ̀ǹpútà fún ayẹyẹ ìsìnkú, wọn a fi orin sí i, wọn a fi ìlù dùndún sí i, wọn a sì fi ohùn bàbá náà, tí wọ́n gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà ayé rẹ̀, kún un. Ohùn yìí gan-an ni àwọn èrò kò ní í gbọ́ bí wọn kò bá ṣọ́ra.

Gbígbé e sókè títí yóò fi bá ìlù dọ́gba kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Bí ó ti ń ga ni ariwo inú kásẹ́ẹ̀tì ń bá a ga. Bí ó bá sì kọjá 0 lórí òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ̀lì, yóò bàjẹ́. Orin àti ìlù ni kí wọn fà wálẹ̀, pàápàá dùndún, nítorí òun náà ń fọhùn: ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ lu ọ̀rọ̀.

Kí wọn má sì gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Ìró ìlù lè ga fíofío ní ìṣẹ́jú akàn, kí etí má kà á sí. Orin tí ń lọ gbọọrọ ni ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù fi là á sílẹ̀ ní ọdún 2010 pé bí etí ti ń gbọ́ ohùn ni kí a máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí ṣóńṣó rẹ̀ ti ga tó.

Kí wọn tó gbé e dé gbọ̀ngàn, kí wọn gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń yún wọn láti yí i, ibẹ̀ ni àtúnṣe kù sí.