Búrẹ́dì Pẹlẹbẹ Aláàyù Láìsí Àlìkámà, Wàrà Tàbí Ẹyin

Bí ẹ bá fi omi tútù po ìyẹ̀fun ìrẹsì, tí ẹ sì fẹ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ṣe ni yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín. Ìyẹ̀fun kan náà, bí omi híhó bá kàn án, á dì mọ́ra, á rọ̀, á sì gbà kí ẹ tẹ́ òun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìya. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí kò ní àlìkámà dúró lé, ẹni tó bá sì ti ro àmàlà rí ti mọ ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Aáyù ni àwọn tó ń jẹ ẹ́ máa ń ròyìn. Omi híhó ló ṣiṣẹ́.

Kí ni àlìkámà ní tí ìrẹsì kò ní? Ó ní gluten, tí ó tún wà nínú ọkà báálì àti ráì. Purotéènì méjì ló pilẹ̀ rẹ̀ nínú àlìkámà: glutenin àti gliadin. Bí omi bá kàn wọ́n tí ọwọ́ sì ń pò wọ́n, wọn a so kọ́ra bí àwọ̀n tó ń fà tí kì í tètè já. Àwọ̀n yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń tú sílẹ̀ sá lọ, òun ló ń mú kí búrẹ́dì Àgége wú tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fà bí a bá ń ya á. Ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà àti gbáàgúdá kò ní in. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe búrẹ́dì gíga gbọ́dọ̀ wá nǹkan púpọ̀ rọ́pò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ èròjà ara irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé ìtajà London fi ń gùn gbọọrọ. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kò ní ìyọnu yẹn. Kò sí ẹni tó ní kó wú. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ kò ju pé kó má fọ́.

Àwọn kan wà tí gluten jẹ́ ewu fún ní ti gidi. Bí ẹni tó ní àìsàn celiac bá jẹ ẹ́, àwọn ohun tí Ọlọ́run dá sínú ara láti máa bá àrùn jà á kọjú ìjà sí ìfun kékeré ẹni náà, débi pé ìfun kò ní lè fa oúnjẹ sínú ara dáadáa mọ́. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní Netherlands, ló fi ẹ̀rí hàn pé àlìkámà wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń fura láti àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ìyàn wá mú níbẹ̀ lápá ìparí Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà ń le sí i nígbà tí ebi ń pa àwọn yòókù kú lọ. Bí búrẹ́dì ti padà dé ni àìsàn wọn náà padà. Ní 1950 ló kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lé e lórí. Títí di òní, oògùn rẹ̀ kò yàtọ̀: kí onítọ̀hún má jẹ gluten mọ́ láéláé. Ẹni tí kò ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, tí àlìkámà kò sì bá lára jà, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa sá fún un, ohunkóhun tí àwọn tó ń polówó oúnjẹ ìbáà máa wí.

Fún ẹni tí ó kàn gan-an, ìmọ́tótó irinṣẹ́ ṣe pàtàkì bí èròjà. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù gbà láàyè nínú oúnjẹ tí wọ́n bá kọ sí lára pé kò ní gluten kò ju mílígíráàmù 20 nínú kìlógíráàmù kan lọ. Bí ẹ bá gbé ìrẹsì lọ sí ẹ̀rọ ìlọ-èlùbọ́ ládùúgbò, tó sì jẹ́ pé àlìkámà ni ẹni tó ṣíwájú yín lọ̀, èyí tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ nìkan ti lè ré iye yẹn kọjá fíìfíì. Ẹ lọ̀ ọ́ nílé. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Sẹ̀mófítà tí ọ̀pọ̀ ń rò pé àgbàdo ni, àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é. Búrẹ́dì gbáàgúdá tí ìjọba Ọbásanjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní Nàìjíríà, ìdá 10 péré nínú 100 ni gbáàgúdá wọn nígbà náà. Àlìkámà ni gbogbo ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí omi híhó. Hóró sítáàṣì inú ìyẹ̀fun kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi tútù mu. Nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 Celsius, hóró náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi gan-an, á wú, á sì máa tú ohun tó ń fà yọ̀ jáde, èyí tí yóò di àwọn hóró yòókù mú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ògì ti ń ki lórí iná nìyẹn. Àwọn Mùsùlùmí Malabar, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní India, ló mọ bí a ti ń fi ọgbọ́n yìí ṣe búrẹ́dì. Pathiri ni wọ́n ń pe tiwọn: ìyẹ̀fun ìrẹsì, omi híhó, iyọ̀, ó tán. Wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á sì yan án lórí páànù gbígbẹ. Ọ̀nà tiwọn ni mo ń tọ̀ níbí, àyàfi pé mo ń fi sítáàṣì gbáàgúdá kún un, nítorí ìrẹsì nìkan máa ń yára gan bó bá ti tutù.

Láti lọ ìrẹsì nílé, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ìrẹsì tí inú rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀ máa ń kúnná nínú bílẹ́ńdà ju èyí tó gbẹ táútáú lọ. Ẹ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú, ẹ dà á sínú páànù lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi gbẹ, ṣùgbọ́n kó má pọ́n.

Gíráàmù 200 ìyẹ̀fun yìí, gíráàmù 60 sítáàṣì gbáàgúdá gbígbẹ, omi mílílítà 300, òróró ṣíbí ìjẹun méjì, àti iyọ̀ tó kún ṣíbí tíì kan dé ìlàjì, yóò di búrẹ́dì 8. Ẹ gbé omi, iyọ̀ àti òróró kaná. Bó bá ti ń hó kùtùkùtù, ẹ da ìyẹ̀fun ìrẹsì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa iná, ẹ sì fi orógùn rò ó kíákíá títí kò fi ní sí èyí tó gbẹ nínú rẹ̀. Kò ní dán, kò ní jọ nǹkan gidi rárá. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ dé ìkòkò náà fún ìṣẹ́jú 10 kí oru máa ṣiṣẹ́ lọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dà á jáde, kí ẹ da sítáàṣì lé e, kí ẹ sì máa pò ó nígbà tó ṣì gbóná dé ibi tí ọwọ́ lè gbà. Ibí yìí ni kí ẹ má ti ṣọ̀lẹ. Pípò ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń dán. Bí etí rẹ̀ bá ń sán, ẹ fi omi gbígbóná ra ọwọ́, kí ẹ tún pò ó. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìyẹ̀fun díẹ̀ ló ń béèrè.

Ẹ pín in sí 8, ẹ ṣù ú roboto, ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó kí ara rẹ̀ má gbẹ. Ẹ fi òróró pa ọ̀rá méjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín wọn, kí ẹ fi ìgò yí i lọ yí i bọ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó àwo kékeré. Páànù gbọ́dọ̀ ti gbóná dáadáa kí búrẹ́dì tó kàn án, nítorí páànù tí kò gbóná á fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí ó tó jinná, ohun tí ẹ ó sì jẹ kò ní yàtọ̀ sí páálí. Ìṣẹ́jú kan tó fún ojú àkọ́kọ́. Ẹ yí i, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ títí yóò fi ní àmì pupa díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún un yí, kí ẹ fi aṣọ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òmíràn á wú gbùn-ún nítorí oru tó há sínú rẹ̀. Èyí tí kò wú náà dùn. Bí ẹ ti ń yọ wọ́n ni kí ẹ máa fi aṣọ wé wọn pọ̀. Oru ara wọn ló ń mú wọn rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbáàgúdá nìkan kò ṣàṣìṣe. Àwọn ará Cuba ń jẹ casabe títí di òní, búrẹ́dì gbáàgúdá tí àwọn Taíno tó ni ilẹ̀ náà ń ṣe kí àwọn òyìnbó tó dé: wọ́n á rin gbáàgúdá, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á kù ú, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná. Kò sí bọ́tà, kò sí yíìsì. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé ní 2024. Mojo, ìyẹn aáyù tí wọ́n fi òróró àti omi ọsàn kíkan ṣe, sì máa ń bá a rìn dáadáa. Ní ilé tiwa, ìyẹ̀fun gbáàgúdá tí kò kan ló dára jù fún un. Láfún á ṣe é, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ á máa bá aáyù du ipò. Gààrí kò ṣe é lò, nítorí iná ti sọ sítáàṣì rẹ̀ di jíjinná nígbà tí wọ́n ń yan án. Ẹ̀bà lẹ ó rí.

Aáyù wá kù. Awẹ́ aáyù tí ọ̀bẹ kò tíì kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ohun méjì ló wà níyà-níyà nínú rẹ̀, alliin àti èyí tí ń jẹ́ alliinase; bí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọ́n á pàdé, wọ́n á sì bí allicin, òun ni ẹni tó ń ta wá ní imú. Ní Amẹ́ríkà ni Chester Cavallito àti John Bailey ti yọ allicin sọ́tọ̀, ní 1944. Ọdún yẹn náà ni ìyàn Dicke bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn vegan, tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, sílẹ̀ ní England. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan jókòó ṣètò búrẹ́dì yìí. Iná máa ń pa alliinase. Bí ẹ bá sọ aáyù sínú òróró gbígbóná bí ẹ ti ń gé e tán, adùn rẹ̀ ò ní tíì jáde. Ẹ fi iyọ̀ gún awẹ́ márùn-ún nínú odó kékeré, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ dà sínú ṣíbí mẹ́ta òróró lórí iná tó kéré jù lọ, títí ilé á fi máa ta sánsán. Bó bá ti fẹ́ pọ́n, ẹ gbé e kúrò, nítorí aáyù tó pọ́n jù a máa korò. Ẹ da ìdajì tútù yòókù pọ̀ mọ́ ọn nígbà tí òróró ti lọ́ wọ́rọ́, kí ẹ rẹ́ ewé efinrin sí i wẹ́wẹ́. Èyí ni kí ẹ máa fi pa búrẹ́dì bó ti ń kúrò lórí iná. Àwọn kan ń po aáyù mọ́ ìyẹ̀fun. N kò rí èrè rẹ̀. Omi híhó á pa adùn rẹ̀, èyí tó bá sì yọrí síta á jóná lórí páànù. Aáyù alágolo tó ti di ìyẹ̀fun, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń kánjú.

Òróró ẹ̀pà dára, ti àgbọn náà dára fún ẹni tó ń wá adùn bọ́tà. Ohun tí a ń pè ní bọ́tà lọ́jà, tó jẹ́ pé majarín ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ka ara agolo rẹ̀ kí ẹ tó gbà pé kò ní wàrà.

Ẹ má ṣe òróró aáyù pa mọ́ sórí tábìlì. Kòkòrò botulinum ń gbé inú erùpẹ̀, ó máa ń tẹ̀lé aáyù wálé, ibi tí kò bá sí afẹ́fẹ́ ló sì ti ń pọ̀ sí i, bíi ìsàlẹ̀ òróró. Ní Vancouver ní Canada, ní 1985, aáyù inú òróró tí wọn kò fi sínú fíríìjì dá àìsàn tó ń rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà ilé oúnjẹ kan. Kòkòrò náà kì í rùn, kì í sì í kan lẹ́nu. Inú fíríìjì ni kí òróró aáyù wà, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Búrẹ́dì ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn fíríìjì. Sítáàṣì tó ti jinná máa ń tún ara rẹ̀ tò bó bá tutù, a sì gan, bí àmàlà àná. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, tàbí kí ẹ gbé e sínú fírísà kí ó dì. Ooru ló ń tú ohun tó gan náà: ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i lójú méjèèjì, ẹ gbé e sórí páànù gbígbóná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó fi òróró aáyù pa á.