Ọkọ̀ Asáré àbí Píkọ́ọ̀pù: Èwo Ló Yẹ Kéèyàn Rà?

Abẹ́ ọkọ̀ ni ìyàtọ̀ ọkọ̀ asáré àti píkọ́ọ̀pù ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í bẹ̀rẹ̀ wò. Orí ṣáásì ni píkọ́ọ̀pù dúró lé, ìyẹn irin gígùn méjì tó nà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí àwọn irin mìíràn dábùú láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì, ilé tí èrò ń jókòó sí àti àpótí ẹrù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé gbogbo wọn lé e, tí wọ́n sì fi bóòtì dè wọ́n. Ọkọ̀ asáré kì í sábà ní irú ṣáásì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jó pọ̀ di ẹyọ kan, kí ó lè fúyẹ́, kí ó má sì mì nígbà tó bá ń fi eré já kọ́nà.

Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tún yàtọ̀. Sípíríìnì pẹlẹbẹ ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn irin tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n tò léra, tí wọ́n sì so pọ̀. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Bí kò bá wá sí ẹrù lẹ́yìn rárá, kò sí ohun tí yóò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ni ọkọ̀ á bá máa ta sókè ní gbogbo gálọ́ọ̀pù tó bá kọlù. Ẹni tó ti jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù Hilux láti Ìbàdàn dé Ṣakí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí eegun ẹ̀yìn. Ní ti ọkọ̀ asáré, sípíríìnì rẹ̀ kúrú, ó le, ó sì jẹ́ kí ara ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó bá wà nílẹ̀ dáadáa ni kì í fẹ́ dànù nínú kọ́nà.

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá wọn ló jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1925 tó dé, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní Amẹ́ríkà máa ń gé ẹ̀yìn ọkọ̀ ara wọn, wọ́n á fi pákó kan àpótí sí i. Ọdún yẹn ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T tó ti ní àpótí ẹrù láti ilé iṣẹ́, ní dọ́là 281. Toyota gbé Hilux jáde ní Japan lọ́dún 1968. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, àwọn agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ọ́fíìsì ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Hilux tó wá gba ipò rẹ̀.

Ìtàn Mustang, ọkọ̀ asáré Ford, yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni Ford ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní New York. Iye owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2,368, àwọn tó sì rà á láàárín ọdún kan àkọ́kọ́ lé ní 400,000. Lára Falcon, ọkọ̀ ìdílé lásán, ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹwà rẹ̀, iwájú rẹ̀ tó gùn àti ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dòní: ìdùnnú ẹni tó wà á ni ọjà tí ọkọ̀ asáré ń tà. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn sanwó fún ìdùnnú, bí ó bá ti mọ̀ pé ìdùnnú ni òun ń rà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló yẹ kó ṣáájú nínú ìpinnu. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ní Nàìjíríà jẹ́ kílò 50. Píkọ́ọ̀pù tó lè gbé tọ́ọ̀nù kan yóò gbé 20 àpò, ṣùgbọ́n awakọ̀ àti gbogbo ẹni tó bá bá a jókòó wà nínú ìṣirò náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Bí wọ́n ṣe to ẹrù náà tún ṣe kókó. Ẹni tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í to àpò láti ìdí ilé ọkọ̀, kí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà lè wà níwájú táyà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹnu ìlẹ̀kùn àpótí, ńṣe ni imú ọkọ̀ á gbé sókè, táyà iwájú á fúyẹ́ lórí ọ̀dà, ọwọ́ ìdarí kò sì ní mú dáadáa mọ́. Àpótí píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin kò gùn ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 yóò yọ síta gan-an, àfi kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn nídìí. Onílẹ̀kùn méjì ni káfíńtà àti àgbẹ̀ ń fẹ́, nítorí pé àpótí tirẹ̀ sún mọ́ mítà 2.3, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìyàwó àti ọmọ kò ti ní ríbi jókòó sí.

Àpótí náà kò ní òrùlé. Òjò á pa ẹrù tí wọn kò bá da tápólì bò, bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá sì mú ọkọ̀ dúró, ọwọ́ olè kò jìnnà sí i. Àṣà kan tún wà tó yẹ kó dópin, ìyẹn kíkó èèyàn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè dì mú, ẹni tó bá sì bọ́ sílẹ̀ lórí eré kìlómítà 80 kì í sábà dìde. Ibi ìkẹ́rùsí Mustang, ní tirẹ̀, yóò gba báàgì ìrìn àjò méjì tàbí mẹ́ta. Ìjókòó méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Mazda MX-5, tó jáde lọ́dún 1989, kò tiẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn rárá.

Lẹ́yìn ẹrù, ojú ọ̀nà ló kàn. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ni àyè tó wà láàárín abẹ́ Mustang àti ilẹ̀. Òkìtì tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ sójú títì láti dín eré kù máa ń ga tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà ọkọ̀ asáré kò sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló wà láàárín rọ́bà àti rímù. Bó bá fi eré wọ inú kòtò kan ní Mowé tàbí Ṣágámù, rímù ni yóò kọ́kọ́ gba ìyà náà, á tẹ̀ tàbí kó là, fọkanáísà kò sì lè tún èyí tó bá ti là ṣe. Hilux tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ga jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì, wọ́n sì ṣe é kí ó lè la omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70 kọjá jẹ́jẹ́. Ẹni tí òjò oṣù Keje ti há mọ́ Lẹ́kkí rí mọ ohun tí ìyẹn já mọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé gíga píkọ́ọ̀pù jẹ́ ààbò nígbà gbogbo. Bí òjò bá rọ̀, tí àpótí ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́ jù, táyà ẹ̀yìn á sì tètè yọ̀ bí awakọ̀ bá ṣàdédé tẹ epo tàbí bíréèkì nínú kọ́nà. Nítorí pé ó ga, ó yá a láti dojú dé ju ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká tún wo ti bíréèkì. Agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tó gbọ́dọ̀ pa lórí 50. Píkọ́ọ̀pù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, tó tún ru tọ́ọ̀nù kan, nílò ọ̀nà gígùn kó tó dúró. Ọkọ̀ asáré ní bíréèkì ńlá, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì máa ń dúró kíákíá. Tó bá jẹ́ ti kí ọkọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ ni, òun ló gbawájú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dù ú.

Ibi tí wọn yóò ti lo eré náà ni ìṣòro. Òfin Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ aládàáni láyè kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú òpópónà, kódà lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Mustang ẹlẹ́ńjìnnì V8 lè sá tó 250. Ní Jámánì, àwọn apá kan wà lójú òpópónà Autobahn tí kò ní òdiwọ̀n eré, ní Amẹ́ríkà sì rèé, pápá eré ìje wà tí èèyàn lè sanwó kó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston yóò rí títì tó tẹ́jú fi ọkọ̀ asáré rẹ̀ najú ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Epo kò ṣeé gbójú fò láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti abẹ́ náírà 200 kọjá 480. Kò sí èyí tó jẹ́ alámùúdíẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì lítà 5.0 ti Mustang ń mu epo nítorí agbára rẹ̀. Hilux ẹlẹ́ńjìnnì lítà 2.7 ń mu ún nítorí ìwúwo rẹ̀ àti nítorí pé ìrísí rẹ̀ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yà fún un. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré tún nílò epo tó ní octane gíga. Bí wọ́n bá ń fún un ní èyí tó rẹlẹ̀, á máa dún kan-kan-kan nínú, agbára rẹ̀ á dín kù, ó sì lè ba písítìnì jẹ́ bó bá pẹ́. Hilux oní-dísẹ̀lì kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ dísẹ̀lì tí omi tàbí ìdọ̀tí bá wọ̀ yóò ba injector rẹ̀, tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, jẹ́, owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà mọ Hilux bí ẹni mowó, sípéèpáàtì rẹ̀ sì pọ̀ ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó. Ti ọkọ̀ asáré, wọ́n lè ní láti ránṣẹ́ sókè òkun, kí ọkọ̀ náà sì wà lórí jáàkì di ìgbà tó bá dé. Ní ti owó ìbánigbófò tí òfin sọ di dandan, láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ó ti di náírà 15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ aládàáni, 20,000 fún ọkọ̀ tí èèyàn fi ń kó ẹrù ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí ń yí ìpinnu padà. Ìbánigbófò ńlá, èyí tó bo olè àti jàǹbá, ni kí olùrà bi wọ́n léèrè dáadáa, torí pé Hilux wu olè púpọ̀.

Tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun, ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò rà, ó sì yẹ kí wọ́n la ojú wọn. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ asáré tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ti ní jàǹbá rí, ibi gbàǹjo ni wọ́n ti rà wọ́n. Nọ́ńbà VIN, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú. Wọ́n lè fi yẹ ìtàn ọkọ̀ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí owó tó jáde lápò. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé Hilux tuntun-tuntun kan jẹ́ “tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà” ní láti ṣọ́ra: Toyota kò ta Hilux níbẹ̀ mọ́ láti 1995, Tacoma ló rọ́pò rẹ̀. Lábẹ́ píkọ́ọ̀pù, kí wọ́n tan iná sí ṣáásì láti ìdí dé orí, kí wọ́n wá ibi tí ó ti dípẹtà tàbí tí wọ́n ti jó. Ṣáásì tó bá ti tẹ̀ kì í tọ́ tán.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan tó lókìkí lára wọn ni GMC Syclone ti ọdún 1991. Píkọ́ọ̀pù kékeré ni, ẹ́ńjìnnì lítà 4.3 oní-turbo rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin 280. Nígbà tí ìwé ìròyìn Car and Driver fi í díje pẹ̀lú Ferrari, píkọ́ọ̀pù náà ló ṣáájú dé ìdámẹ́rin máìlì. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ilé iṣẹ́ ní kó gbé kò ju nǹkan bíi kílò 227 lọ, kò tó àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé e kúrò lórí ọ̀dà. Wọn kò ṣe tó 3,000 kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó sì wà nílẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ ru ẹrù gbọ́dọ̀ nípọn, kó sì ga. Irin kan náà kò lè ṣe méjèèjì dáadáa.

Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká ní ilẹ̀ Yorùbá, tó ní oko, ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ tàbí ọjà tó ń kó, píkọ́ọ̀pù ni kó rà, kò sì yẹ kó ronú lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Hilux tí wọ́n bá tọ́jú kì í tètè já wálẹ̀ lówó, ìyẹn sì jẹ́ ìfowópamọ́ nínú ara rẹ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún kò nílò rẹ̀. Kó háyà píkọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tí ìdí bá yọ, kó má fi àpótí òfìfo jó epo láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Ọkọ̀ asáré tọ́ sí ẹni tó ti ní ọkọ̀ mìíràn nílé, tí títì àdúgbò rẹ̀ dára, tó sì fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà débi pé ìnáwó rẹ̀ kò ní dùn ún.

Kí wọ́n má ṣe gbàgbé àwọn òbí. Ìyá àgbà tó ró ìró gbọ́dọ̀ gun Hilux bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ gan-an kó tó lè wọ Mustang, ìgbà tó bá fẹ́ jáde ló sì máa nira jù. Pátákó ìtẹ̀sẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù lè dín ti àkọ́kọ́ kù. Èkejì kò ní oògùn.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ojú ọ̀nà tí olùrà ń gbà lójoojúmọ́ ni kó ti dán ọkọ̀ wò, kó má jẹ́ àyíká ibi tí wọ́n ti ń tà á nìkan. Kó wa píkọ́ọ̀pù ní òfìfo, kó sì tún wà á pẹ̀lú ẹrù bó bá ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ asáré, kó rọra gbé e dé ẹnu géètì ilé ara rẹ̀, níbi pèpéle sìmẹ́ǹtì tó bo gọ́tà, kó sì ní kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wo bọ́ńpà iwájú bóyá ó ń ha ilẹ̀.