Ilẹ̀ Kan, Ìwé Kan, Èrò Mẹ́ta: Àwọn Kristẹni àti Ìjà Ísírẹ́lì òun Palẹstínì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe náà bá gbogbo Kristẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìjà Ísírẹ́lì òun Palẹstínì wí. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, síbẹ̀ ìdájọ́ wọn kò bára mu. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí. Ibi tí olúkúlùkù ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé náà yàtọ̀ síra, ẹni tí igbe rẹ̀ sì ń dún sí i létí bí ó ti ń kà á yàtọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún Ábúráhámù nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníwàásù kan tí ń jẹ́ John Nelson Darby kọ́ni pé Ọlọ́run yóò dá àwọn Júù padà sí ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn ní ìkẹyìn ọjọ́. Bíbélì alálàyé tí Scofield tẹ̀ jáde ní 1909 gbé irú ẹ̀kọ́ yìí káàkiri Amẹ́ríkà. Lójú àwọn tí ó gbà á gbọ́, orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1948 jẹ́ ìmúṣẹ àsọtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bá a wí dàbí ẹni tí ń bá Ọlọ́run jà. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ní ilẹ̀ Yorùbá náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe Ísírẹ́lì inú Bíbélì àti ìjọba òde òní tí ó ní ọmọ ogun, òfin àti òṣèlú tirẹ̀.

Ọ̀wọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtìjú àti ìrònúpìwàdà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn ìjọ ní Yúróòpù fi ń di ẹ̀bi ikú Jésù ru gbogbo ẹ̀yà Júù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Hitler pa Júù bíi mílíọ̀nù 6, láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti gba ìrìbọmi láti ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1965, àpérò ńlá Ìjọ Kátólíìkì ní Vatican kéde pé a kò lè di ẹ̀bi náà ru gbogbo Júù, ìbáà ṣe ti ìgbà náà tàbí ti òde òní. Àwọn tí ó dúró níhìn-ín ń wí pé ẹni tí a ti lé kiri tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023, nígbà tí Hamas àti àwọn tí ó bá wọn lọ pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn, tí wọ́n sì kó nǹkan bí 250 nígbèkùn, ẹ̀rù àtijọ́ tún jí.

Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn Kristẹni ọmọ Palẹstínì fúnra wọn. Nínú ogun 1948, nǹkan bí 700,000 ará Palẹstínì ni ó sá tàbí tí a lé kúrò nílé. Naim Ateek, àlùfáà Áńgílíkà, jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí a lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní Beisan. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1989, ìtàn Nábótì ni ó fi ṣe àkàwé: Áhábù ọba ṣojúkòkòrò sí ọgbà àjàrà, a pa ẹni tí ó ni ín, Ọlọ́run kò sì dákẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2009, àwọn aṣáájú Kristẹni ní Palẹstínì gbé ìwé tí wọ́n pè ní Kairos jáde, pé jíjókòó tí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì jókòó sórí ilẹ̀ wọn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run àti sí ènìyàn. Wọ́n ní ìfẹ́ ni kí a fi dojú kọ ọ́.

Ìtàn abúlé kan dán èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ní oṣù Kọkànlá 1948, ọmọ ogun Ísírẹ́lì ní kí àwọn ará Iqrit, abúlé Kristẹni kan ní Gálílì, kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé títí di òní. Ní oṣù Keje 1951, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ dájọ́ pé kí wọ́n padà. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún náà, àwọn ológun fi àdó olóró wó ilé wọn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ní 1972, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Joseph Raya ṣíwájú ìwọ́de ní Jerúsálẹ́mù nítorí wọn, ọ̀pọ̀ Júù sì bá a rìn. Ìjọba Golda Meir kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọ Iqrit ṣì ń gbé òkú wọn lọ sin síbẹ̀. Àwọn alààyè ni kò rí àyè kọ́lé.

Ẹni tí ó di ìlérí mú gbọ́dọ̀ dáhùn bóyá ìlérí náà gbà kí a sọ ará Iqrit di Nábótì. Ẹni tí ó ronú pìwà dà nítorí Júù kò lè fi omijé ará Palẹstínì san gbèsè tí Yúróòpù jẹ. Ẹni tí ó di ìdájọ́ òdodo mú kò gbọdọ̀ dákẹ́ níwájú ibojì àwọn tí Hamas pa. Kò sì sí ẹni tí ó lè gbójú kúrò lára Gásà, níbi tí iléeṣẹ́ ìlera ti ka òkú tí ó lé ní 60,000 kí a tó fẹnu kò láti dá ìbọn dúró ní oṣù Kẹwàá 2025.

Olùkọ́ tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí kíláàsì kò ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ta ni ó jàre. Kí ó kọ́kọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé: nígbà tí olúkúlùkù wọn ń ka Bíbélì nípa ilẹ̀ náà, ta ni kò sí níbẹ̀ láti rojọ́ tirẹ̀?