Nígbà tí orí òkè jẹ́ ilé

Ní Tré àti jákèjádò agbègbè Dassa-Zoumè, òkè òkúta ni ojú ń rí. Àwọn òkè yìí ni àwọn Ìdààṣà sá sí nígbà tí ogun Dàhómì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Láti orí òkè, wọ́n ń rí ọ̀tá lókèèrè. Òkúta ni odi wọn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ oko wà: ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ ro oko lè má padà mọ́.

Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀. Ní 1894, Ọba Béhanzin juwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù tí ó mú ènìyàn gun òkè kúrò, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rélùwéè gba Dassa kọjá, ó dé Savè ní 1911. Ilé orí òkè di ahoro. Síbẹ̀ àwọn ará Dassa ṣì ń gun òkè lọ bọ àwọn baba ńlá wọn.