Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìtàn Wa Jẹrà Nínú Agolo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí fọ́tò ti dé ilẹ̀ wa ni àrọ́bá ti ní ẹlẹ́rìí. Ṣàṣà ni agboolé ní Olódò àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká tí kò ní fọ́tò bàbá àgbà tàbí ti ìyá àgbà lára ògiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé ni fíìmù tí a ti fọ fọ́tò wọ̀nyí jáde, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù, tí ohun funfun ń dúdú, tí ohun dúdú sì ń funfun lára rẹ̀. Inú agolo bisikíìtì ni púpọ̀ nínú wọn wà, lábẹ́ ibùsùn tàbí ní àjà, ní ilé àwọn ayàwòrán tí wọ́n ti di ẹni ilẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà yìí ni wọ́n ti ń kú. Ike tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin, àwọn méjèèjì sì pọ̀ lábẹ́ òrùlé páànù wa. Bí ó bá ti ń bàjẹ́, yóò máa rùn bí ọtí kíkan. Lẹ́yìn náà yóò súnkì, yóò ká kò, àwòrán yóò sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Èyí tí ó ti ń rùn a máa ba èyí tí ó dára jẹ́ bí wọ́n bá jọ wà nínú agolo kan. Ẹni tí ó bá gbóòórùn yìí, kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Yorùbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbé. Alhaji Tijani Sitou, ọmọ Ṣakí tí wọ́n bí ní 1932, ṣe àtìpó lọ sí ilẹ̀ Mali, ó sì ṣí ilé fọ́tò ní ìlú Mopti ní 1971. Ó di olóògbé ní 1999. Láti 2011 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Mali ti pawọ́ pọ̀ láti nu fíìmù ayàwòrán márùn-ún, tí Sitou jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ wọn. Iye rẹ̀ lé ní 100,000. Ṣé àwa náà yóò jókòó títí àlejò yóò fi wá bá wa ṣe tiwa?

A kò gbọdọ̀ dúró. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe nínú ilé ni. Kí ọwọ́ mọ́, kí ó sì gbẹ. Etí fíìmù ni kí a dì mú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí a fi gbọn eruku rẹ̀, kì í ṣe omi. Ẹni tí ó bá ní sìkánà tí ń tan iná gba inú fíìmù kọjá, kí ó fi í sí 3,200 tó-ń-tò nínú íǹṣì kan. Fíìmù mílímítà 35 yóò fún un ní tó-ń-tò tí ó lé ní mílíọ̀nù 13. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó tan iná funfun sẹ́yìn ike funfun, kí ó tẹ́ fíìmù lé e, kí ó pa iná yàrá, kí ó sì fi fóònù yà á láti òkè gangan. Kọ̀ǹpútà yóò yí dúdú padà sí funfun.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an ni àtúnṣe. Kí a nu eruku àti ojú ibi tí fíìmù ti ha, kí a jẹ́ kí ojú tí ó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n a ti rí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà pa àbàjà rẹ́ lójú bàbá wọn, tí wọ́n ń bó ìyá wọn láwọ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kun aṣọ. Fíìmù dúdú-òun-funfun kò mọ àlàárì yàtọ̀ sí ẹtù. Ẹ̀rọ kàn ń méfò ni. Ilà ojú tí a pa rẹ́ lónìí ni ọmọ-ọmọ ìbá fi mọ ìdílé tí òun ti ṣẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní Rọ́ṣíà, Nikolai Yezhov dúró ti Stalin nínú fọ́tò kan létí odò tí wọ́n gbẹ́ ní Moscow. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní 1940, wọ́n pa àwòrán rẹ̀ náà rẹ́, omi nìkan ni ó kù níbi tí ó dúró sí. Ṣùgbọ́n fọ́tò ti àkọ́kọ́ kò parun, gbogbo ayé sì rí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò ìpolongo ìbò 1959 lọ́wọ́, kí ó fi ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá sílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí.

Nítorí náà, kí a tọ́jú àdàkọ àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí a máa tún ṣe. Kí a fi ẹ̀dà pamọ́ sí ibi méjì, kí a má sì da fíìmù nù.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni èyí tí ó kù wà. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn pẹ̀lú fọ́tò wọ̀nyí, kí wọ́n béèrè orúkọ olúkúlùkù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Fíìmù lè pa ojú mọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ. Ẹnu àgbà ni orúkọ wà, àgbà kò sì ní í dúró dè wá.